Ẹmu Kì Í Dúró De Ẹnikẹ́ni: Ìsinmi Ọjọ́ Méje ní Abúlé Baba Wa

  

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n wá sọ bí ìdílé ṣe lè gbádùn ìsinmi oṣù Kẹjọ. Bóyá àwọn kan nínú yín ń retí kí n sọ̀rọ̀ nípa Dubai tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Oúnjẹ, ẹmu àti abúlé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, abúlé tiwa níbẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ti ara ẹ̀bi èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, Kàdúná náà ni mo ti bí ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ọdún 2004 sí 2017, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo kó wọn lọ sí abúlé baba mi, tí kò jìnnà sí Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òkú la lọ sin. A ó dé lọ́jọ́ Ẹtì, a ó wọ aṣọ ẹbí lọ́jọ́ Sátidé, a ó jẹ ìrẹsì lábẹ́ àtíbàbà, a ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó tún di Kàdúná. Ní ọdún 2018, mo sọ fún àbíkẹ́yìn mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, pé a ń lọ sílé nínú oṣù Kẹjọ. Ó wò mí lójú, ó ní, "Dádì, ta ló kú?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò lè dá a lóhùn. Mo ti kọ́ ọmọ mi láìmọ̀ pé ibi tí wọ́n ń sin èèyàn sí ni ilé baba rẹ̀.

Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú irin ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn wá síbí. Ọdún 1907 ni ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó dé Òṣogbo. Ó dé Jẹ́bbà létí odò Ọya ní 1909, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi so mọ́ ojú irin ti Òkè Ọya. Bí baba mi bá gba lííffù rẹ̀ lọ́dún, yóò wọkọ̀ ní Kaduna Junction, yóò sọ̀ ní Òṣogbo, yóò wọ lọ́rì lọ sí Iléṣà, kó tó wá forí lé abúlé. Kì í ṣe òkú ló ń lọ sin. Iyán, ẹmu àti àwọn ará ilé rẹ̀ ló ń lọ bá.

Àwọn ará Faransé mọ iyì irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1936, ìjọba wọn ṣòfin pé kí òṣìṣẹ́ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ má sì dúró. Títí di òní, bí oṣù Kẹjọ bá dé, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Paris ni yóò ti ilẹ̀kùn, àwọn tó ni wọ́n á gba ìgbèríko lọ, wọn á lọ jẹ oúnjẹ abúlé, wọn á mu wáìnì ní ibi tí èso àjàrà rẹ̀ ti hù. Ṣùgbọ́n wáìnì ṣeé rọ sínú ìgò. Òmíràn wà tó lè lo ogún ọdún kó tún máa dùn sí i. Ẹni tí kò dé Faransé rí lè rà á ní Kàdúná níbí. Ẹmu tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Adẹ́mu á fi igbà gun ọ̀pẹ, á dá ojú sí ìdí òdòdó akọ rẹ̀, á so kèrègbè mọ́ ọn. Bí omi ọ̀pẹ bá ṣe ń kán ni ìwúkàrà tí ojú kò lè rí ti ń bá a ṣiṣẹ́, tó ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ó dùn bí oyin. Lọ́sàn-án, ó ti ń hó. Tó bá di alẹ́, ó ti le. Lọ́jọ́ kejì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Èyí tí a ń rà nínú ìgò níbí, wọ́n ti fi iná pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kó má bàa bàjẹ́, adùn rẹ̀ sì ti bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn ẹmu gbọ́dọ̀ lọ bá a nídìí ọ̀pẹ, láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà wa rí. Wọn kì í dúró de ìgbà tí ọwọ́ wa bá dilẹ̀.

A lọ ní ọdún 2018 náà, a sì lo ọjọ́ méje gbáko. Ẹ̀gbọ́n baba mi, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló gbà wá sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, adẹ́mu gbé kèrègbè dé, oyin ṣì ń fò yí i ká. Mùsùlùmí ni Bàbá Àgbà, kì í fẹnu kan ẹmu. Síbẹ̀ òun ló ní kí wọ́n bù ú fún mi. Ó ní, "Ohun tí baba rẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyí bó bá ti Kàdúná dé."

Ìyá Àgbà kọ̀, kò fi iṣu tuntun gúnyán fún wa. Ó ní omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, sísè ló yẹ ẹ́. Iṣu èṣí tó kù nílẹ̀ ló gún. Ọmọkùnrin mi, tó máa ń pe iyán ní sakwara bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Tudun Wada, mú ọmọ odó, kò sì pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi léròrò. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀gúsí àti ìrù sè la fi jẹ ẹ́, pẹ̀lú olú tí àwọn ọmọ fúnra wọn lọ wá lóko láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mi ò rí ọmọ mi kankan tó béèrè ìrẹsì.

A lọ wo omi Olúmirin tó ń já láti orí òkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ipele méje ló ní. Méjì la gùn tí ẹsẹ̀ èmi fi kọ̀. A dé Ìkọ́gòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, àwọn ọmọ sì ń ti ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kan, wọ́n ń ti èkejì bọ èkejì.

Àmọ́ alaalẹ́ ló ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá Àgbà á pe àbíkẹ́yìn mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, á kì í ní oríkì ilé wa. Ẹni ọdún mẹ́sàn-án ni, kò tí ì sẹ́ni tó kì í rí.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, wọ́n pè mí láàárọ̀ pé Bàbá Àgbà ti kú. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sin ín bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti là á sílẹ̀. Ká ní òkú la dúró dè gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, àwọn ọmọ mi ì bá má bá a jókòó lálẹ́ kankan. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ mi kò béèrè ẹni tó kú. Ó sunkún, ó ní, "Dádì, ta ni yóò máa kì mí báyìí?" Èmi kò mọ̀ ọ́n kì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ oríkì náà lẹ́nu Ìyá Àgbà lórí fóònù, díẹ̀díẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ọ̀nà ń bani lẹ́rù. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó máa gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, tó jẹ́ pé oṣù Kejìlá ọdún náà ni ọkọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Owó ọkọ̀ náà kò sì kéré mọ́. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo mú wá nìyí:

Èkíní, kí ìdílé mélòó kan tó ń lọ sí agbègbè kan náà pawọ́ pọ̀ gba ọkọ̀, kí wọ́n rin ojú ọ̀sán nìkan, kí wọ́n sì sùn lójú ọ̀nà bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú.

Èkejì, ẹ dín owó aṣọ ẹbí kù, kí ẹ fi èyí tó bá ṣẹ́kù sínú àjọ ìrìn-àjò. Owó tí a fi ń ṣe òkú lẹ́yẹ, ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ nínú rẹ̀ bá alààyè jẹun.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe mú ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì, àlejò ni yín. Láti ọjọ́ kẹrin lọ ni wọ́n tó ń rán ọmọ yín níṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ẹmu láyè kò pàdánù nǹkan kan. Iyán wà, àgbàdo sísun wà, omi ìsun wà. Bàbá Àgbà kò mu ún, síbẹ̀ òun ló ni àsè náà.

Ìkarùn-ún, ẹni tí kò bá lè lọ lọ́dún yìí, kó pe ẹni tó dàgbà jù nílé lónìí, kó fi fóònù sétí ọmọ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ ilé nígbà tí ilé ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run yóò mú wa lọ, yóò mú wa bọ̀ láyọ̀. A ó bá àwọn àgbà wa láàyè.