Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Ilé Ìwé Gírámà



Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu yín ni pé, "A kò rán ọmọ lọ sí gírámà kó tún wá máa sin adìẹ." Òótọ́ ni, ẹni tí ọkọ́ ń dùn lẹ́yìn kò ní fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ti olódo. Láti ọdún 1982 tí ètò 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ló ti wà nínú ẹ̀kọ́. Nínú àtúnṣe ọdún 2025, mẹ́fà ni ìjọba kà sílẹ̀ fún ọmọ láti yan ọ̀kan: iná oòrùn, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn.

Kíláàsì tí kò ní irinṣẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù, níbi tí ọmọ ti ń wo ojú pátákó ya àwòrán máṣíìnì. Ẹ bi ọ̀gá ilé ìwé: èwo lẹ ń kọ́ wọn? Ta ni olùkọ́? Irinṣẹ́ dà? Bí ọmọbìnrin bá mú iná oòrùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí èdè ìlú yìí kò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ yà ní ọ́fíìsì mi, a ó jọ lọ.