Ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ àti ẹni tó san án



Nínú ìtàn Ramayana àwọn ará Íńdíà, ọba Dasharatha ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀, Kaikeyi. Nígbà tóbìnrin náà ní àkókò tó láti mú un ṣẹ, Rama, àkọ́bí ọba, ló forí fá a: ọdún 14 nínú igbó. Kò jiyàn. Ìbànújẹ́ ló pa bàbá.

Àwa náà ní tiwa. Mọremí, obìnrin Ifẹ̀, jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn, ó jẹ́ kí àwọn ará Ùgbò tó ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú mú òun lọ, ó sì rí àṣírí wọn: koríko àti ìko lásán ni wọ́n fi bora bí iwin! Ifẹ̀ gbé ògùṣọ̀, ọ̀tá fẹsẹ̀ fẹ. Nígbà tí Mọremí wá san ẹ̀jẹ́, odò kọ ẹran, ó kọ àgùntàn. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló gbà.

Wọ́n ti gbé ère Mọremí dúró gàgàrà n'Ífẹ̀ láti 2016. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Rama gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí kó tó kọrí sígbó. Ta ló bi Olúorogbo léèrè? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gba ofatáìmù ní gbogbo Sunday nítorí ọmọ, ṣé ẹ ti bi òun náà?