Rírí Erin, Rírí Ẹwà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: "Àjànàkú kọjá 'mo rí nǹkan fìrí', bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin." Òwe yìí kọ́ni bí ó ti yẹ kí ènìyàn máa wo ohun tí ó lẹ́wà: kí ó dúró, kí ó tẹjú mọ́ ọn, kí ó sì jẹ́rìí sí i.

Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò tí ń ti Èkó lọ sí Bìní mọ Orè gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọkọ̀ ń yà sí kí èrò lè jẹun. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò yìí kan náà ni igbó ọba Olúwa wà, igbó tí a mọ̀ mọ erin àti ìnàkí.

Àwọn àgbà kò fojú fo irú ẹranko bẹ́ẹ̀ dá. Ọdẹ tí ń pa erin náà ni ó ń sun ìjálá kì í. Ní Ọ̀wọ̀, àwọn oníṣọ̀nà fi eyín erin gbẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ fún àwọn ọba àti ìjòyè. Iṣẹ́ náà rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí erin ni owó rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ ayàwòrán dé, ó ṣeé ṣe láti mú ẹwà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní 1968 ni J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà. Irun kì í pẹ́ tí a fi ń tú u. Àwòrán rẹ̀ ni ó kù. Sinimá Palaver, tí Geoffrey Barkas yà ní Nàìjíríà ní 1926, kò lóhùn rárá. Ojú amúnisìn ni wọ́n fi wo àwọn ará ìlú nínú rẹ̀. Síbẹ̀, olùwòran gbọdọ̀ fi ojú ka ìrìn, ọwọ́ àti ìṣesí wọn. Bákan náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹwà ẹranko igbó, nítorí ẹranko kì í fẹnu ròyìn ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Bí a bá tú irun, onídìrí lè tún un dì. Bí erin ìkẹyìn bá kú ní Olúwa, kò sí àwòrán tí ó lè bí òmíràn. Gígé gẹdú, oko kòkó àti igi Gmelina tí a gbìn rọ́pò igi àdáyébá ti dín ibùgbé wọn kù. Ní 2021, àjọ IUCN kà erin inú igbó Áfíríkà mọ́ àwọn ẹranko tí ewu ìparun wọn le jù lọ.

Òótọ́ ni pé àgbẹ̀ tí erin tẹ oko rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè tètè rí ẹwà kankan lára rẹ̀. Ó yẹ kí ìjọba gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, kí ó má baà gbé ìbọn. Ní ti olùkọ́, kí ó fi àwòrán àtijọ́ kọ́ ọmọ ní sùúrù ojú. Ọmọ tí ó bá ní sùúrù bẹ́ẹ̀ yóò lè wo ẹranko láìronú kan ọbẹ̀, yóò sì bèèrè ẹni tí ń gé igbó tí ẹranko náà ń gbé.