Ọ̀rọ̀ Ìkíni fún Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ Wa Tó Jáde Yunifásítì

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, ohun tó wà lọ́kàn púpọ̀ nínú wa ni bí a ó ṣe wọ aṣọ kan náà lọ sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. N kò ní purọ́, èmi náà torí aṣọ wọ ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ tó jókòó níwájú wa yìí, àwọn ni wọ́n ń bá wa gbé fìlà nígbà náà. Lónìí, mọ́kànlá nínú wọn ti gboyè ní yunifásítì. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú oríire. Ẹ sì kú ìfaradà.

Ìfaradà yẹn ni mo fẹ́ kí yín fún jù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀. Ó di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó padà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀. Ó di oṣù Kẹwàá. Ẹ ro ó pọ̀: oṣù mẹ́tàdínlógún! N kò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi, owó tí wọ́n ń gbà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ lẹ san gbèsè náà.

Ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá yìí, ọmọ tèmi ni. Nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ kejì, ó lọ ń bá àwọn tó ń lẹ táìlì ṣiṣẹ́, ó sì ń mú owó wálé. Èmi bàbá rẹ̀ wá sọ fún un pé kó gbàgbé ìwé. Mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí n kò lè tún sọ níbí. Kò fèsì. Nígbà tí iléèwé ṣí, ó fi owó táìlì san owó iléèwé rẹ̀, kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, bó bá wálé, "Ẹ káàárọ̀, sà" nìkan ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sí mi. Ìyá rẹ̀ ló ń rán owó oúnjẹ sí i, wọ́n rò pé n kò mọ̀.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ yìí náà ni mo ti ń fọ́nnu nígbà náà pé ìwé kò lérè mọ́. Ọ̀pọ̀ yín rántí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ níwájú yín pé mo ṣe àṣìṣe. Ọmọ mi, má bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló kàn. Ọdún 1973 ni ìjọba Ọ̀gágun Gowon dá a sílẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, kí ọmọ Ìjẹ̀bú lè mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ní Benue. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ibẹ̀ bá ti fararọ, ẹ má sáré wá ẹni tí yóò bá yín yí i padà sí Èkó. Owó oṣù wọn ti kúrò ní 33,000 náírà, ó ti di 77,000. Kò pọ̀ tó bó ṣe dún létí. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta gàrí lọ́wọ́ àwọn ìyá yín.

Ẹni tó bá sì mọṣẹ́ ọwọ́ nínú yín, kó má torí ìwé jù ú nù. Ọmọ mi ṣì ń lẹ táìlì. Òun ló lẹ ti ilé Akọ̀wé wa, Akọ̀wé kò sì tíì san owó rẹ̀ tán.

Olórin ti ń wò mí. Ẹ̀yin mọ́kànlá, ẹ dìde kí gbogbo ènìyàn rí yín. Ẹ̀yin ìyá wọn, ẹ wá dúró tì wọ́n. Ọmọ mi, wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí lọ́wọ́ mi.