Bí Káàdì Ìgúnlẹ̀ Bá Sọnù, Kí Ni Yóò Jẹ́rìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin baba àti ìyá tí ọmọ yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín ti pẹ́ ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1948, àwọn èrò ọkọ̀ Empire Windrush sọ̀kalẹ̀ ní èbúté Tilbury. Láti West Indies ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tún wá láti ilẹ̀ mìíràn, àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú. Káàdì ìgúnlẹ̀, tí a kọ orúkọ èrò àti ọjọ́ tí ó dé sí, wà lọ́wọ́ ìjọba.

Òfin ọdún 1971, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1973, gba àwọn tí ó ti fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ láàyè láti máa gbé, ṣùgbọ́n a kò fún olúkúlùkù ní ìwé tí yóò fi hàn. Ní ọdún 2010, ìjọba ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì wọ̀nyí jẹ́. Láti ọdún 2012, òfin le sí i: agbanisíṣẹ́ ń bèèrè ìwé, onílé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Arúgbó tí ó ti ń san owó orí láti ìgbà èwe di ẹni tí a ń bi léèrè ọjọ́ tí ó dé. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, a ti àwọn kan mọ́lé, a sì lé àwọn mìíràn kúrò ní ìlú.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Theresa May, tí í ṣe Olórí Ìjọba nígbà náà, tọrọ àforíjì. Ní ọdún náà ni a dá ètò Windrush sílẹ̀, kí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lè gba ìwé ẹ̀tọ́ wọn láìsan kọ́bọ̀.

Kí ni ó wá lè rọ́pò káàdì? Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ìwé owó orí, ìwé ilé-ìwòsàn àti ìwé owó ilé, bí a bá kó wọn jọ, wọn a jẹ́rìí. Ní Kew, ní London, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní orúkọ àwọn èrò tí ó bá ọkọ̀ ojú omi wá láti ọ̀nà jíjìn, láti ọdún 1878 títí dé 1960. Ẹni tí ó bá ọkọ̀ Aureol lọ láti Èkó sí Liverpool láàárín ọdún 1951 sí 1960 lè wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yẹ inú àpótí wò. Lẹ́tà àtijọ́ tí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ London wà lára àpòòwé rẹ̀ lè fi ọdún hàn. Kí baba má ṣe fi í dáná, kí ìyá má sì ṣe fi í di àkàrà. Bébà tí a kò kà sí lónìí lè gba ọmọ sílẹ̀ lọ́la.