Ẹni Tó Dá Iṣẹ́ Dúró Ni Kó Tọ́jú Ẹrù Oníṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ẹdẹ

   Ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá, tí ẹ ń kà á nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, ẹ̀yin náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ oníròyìn tí mò ń ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mo kọ́ níbí kí n tó di oníròyìn, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń gbé inú ẹ̀rọ. Ó wà nínú ẹ̀rọ POS, ó wà nínú mítà iná, ó wà nínú mọ́tò. Ohun kan wà tí mo kọ́ lára rẹ̀ tí n kò gbàgbé títí dòní, ó sì kan gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ ká ti Ọjà Tìmì bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ń wọn gàrí, ó ti ka kóńgò dé méjìlá. Ẹnì kan kọjá, ó ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyá." Ìyá dáhùn, wọ́n bèèrè ọmọ, wọ́n bèèrè ilé. Nígbà tó máa padà sídìí gàrí, òun ní mẹ́tàlá lòun kà dé, oníbàárà ní mọ́kànlá ni. Ariwo ta. Ìyá tó bá gbọ́n á ti fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣàmì kó tó dáhùn ìkíni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ, àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà. Ọpọlọ tí à ń wí yìí, ohun kan ló lè ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ, aago inú rẹ̀ lè pè é, ẹnì kan lè tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ lè ti orí wáyà dé. Ìpè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní interrupt. Iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ á dúró lójijì, àlejò á ṣe tirẹ̀, á lọ, onílé á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá elégàrí mọ̀ pé ẹnì kan kí òun. Iṣẹ́ tí a dá dúró nínú ẹ̀rọ kò mọ̀ rárá pé a dá òun dúró. Kò gbọ́ ìkìlọ̀, kò ráyè ju òkúta kankan sílẹ̀. Nítorí náà, àlejò tó wọlé dé ni yóò kó ẹrù onílé pamọ́, òun náà ni yóò sì dá a padà síbi tó ti bá a kó tó jáde.

Ẹrù wo? Ọpọlọ ẹ̀rọ ní àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní register, níbi tó ń kó òǹkà ọwọ́ rẹ̀ sí. Ó ní àpò tó mọ ìlà tí iṣẹ́ dé. Ó tún ní àpò àmì, èyí tó ń rántí èsì ìṣirò tó ṣe kẹ́yìn, bóyá ohun kan kéré ju èkejì lọ tàbí kò kéré. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ló ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé.

Èyí tí a fi kọ́ṣẹ́ ni 8051, tí iléeṣẹ́ Intel gbé jáde lọ́dún 1980. Bí interrupt bá dé, ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀ á fi ìlà tí iṣẹ́ dé pamọ́ sórí òkìtì tí wọ́n ń pè ní stack. Kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òǹkà ọwọ́ àti àpò àmì, ẹni tó kọ iṣẹ́ àlejò ló máa fi PUSH kó wọn sórí òkìtì, tí yóò sì fi POP kó wọn padà. Bí ẹni to àwo léra ni: èyí tó gorí kẹ́yìn la ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá yí i po, òǹkà á wọ àpò àmì, àmì á wọ àpò òǹkà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ táǹkì omi ni mo ṣe fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Bí omi bá lọ sílẹ̀, á tan pọ́ǹpù. Bó bá kún, á pa á. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ló ń yẹ omi wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣiṣẹ́ dáadáa, orí mi ti ń wú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, táǹkì kún, pọ́ǹpù kò dákẹ́, omi gba gbogbo ilẹ̀. Mo pa á, mo tún un tàn, ó tún ń ṣe dáadáa. Mo pààrọ̀ wáyà, mo dá iná mànàmáná lẹ́bi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ayé lẹ́bi.

Ọ̀gá wa kan, tí wọ́n jókòó síbí lónìí, kò fọwọ́ kan wáyà rárá. Ìwé tí mo kọ iṣẹ́ sí ni wọ́n gbà. Wọ́n ní, "Kí ni àlejò rẹ kó pamọ́?" Mo ní òǹkà ọwọ́ ni, sà. Wọ́n ní, "Àmì ńkọ́?" Mo dákẹ́.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ìlà kan á fi omi inú táǹkì wé ìwọ̀n tí mo fún un, èsì á wọ àpò àmì. Ìlà tó tẹ̀ lé e á wo àmì yẹn, á fi mọ̀ bóyá kí òun pa pọ́ǹpù. Aago ń wọlé wọ̀de nígbà gbogbo, ìṣirò tirẹ̀ sì ń yí àmì padà. Bó bá dé níbòmíràn, kò séwu. Ọjọ́ tó bá bọ́ sáàárín ìlà méjèèjì yẹn gẹ́lẹ́, onílé á ka àmì àlejò bíi tirẹ̀, á ní táǹkì kò tíì kún. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn tó pé, omi ti ya.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: PUSH PSW bí a bá ń wọlé, POP PSW bí a bá ń jáde. Lórí 8051 tí aago rẹ̀ jẹ́ 12 MHz, ìlà méjèèjì kò gbà ju ìdá mẹ́rin nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ohun tí mo ṣahun rẹ̀ nìyẹn tí omi fi gbalẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rí ìrànwọ́ jù wá lọ. ARM Cortex-M, tó pọ̀ nínú ẹ̀rọ òde òní, á fúnra rẹ̀ kó register 8 pamọ́ kí àlejò tó wọlé. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sórí òmíràn, gẹ́gẹ́ bí FreeRTOS ṣe ń ṣe, ó ku 8 mìíràn tí ẹni tó kọ sọ́fúwíà gbọ́dọ̀ rántí, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní òkìtì tirẹ̀.

Ní Ẹdẹ yìí, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, onílù ni kábíyèsí, wọ́n sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá lọ́dún 1959. Ẹ wo àwọn onídùndún lóde ijó. Orin ń lọ lọ́wọ́, ènìyàn pàtàkì kan yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyáàlù á fi orin sílẹ̀, á ki onítọ̀hún, á ki baba rẹ̀. Gúdúgúdú kò ní yẹsẹ̀ ní tirẹ̀. Òun ló ń bá wọn pa ojú ìlù mọ́. Bí ìyáàlù bá kì tán, á padà bọ́ sínú orin, oníjó kò ní kọsẹ̀.

Àwọn tó lọ sí òṣùpá pàápàá nílò irú gúdúgúdú bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 1969, bí Apollo 11 ti ń sọ̀ kalẹ̀, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ náà ké 1202, ó tún ké 1201. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Ó da èyí tí kò pọn dandan nù, ó sì tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ sọ́fúwíà rẹ̀ ní MIT, tí Margaret Hamilton wà lára àwọn aṣáájú wọn, ti ṣètò rẹ̀ kó máa ṣàmì ibi tí iṣẹ́ pàtàkì kọ̀ọ̀kan dé. Ibi àmì yẹn ló ti mú un, wọ́n sì gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí rèé. Kò pẹ́ tí omi ya tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu baba mi. Èmi ni àkọ́bí. Mo di aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, mo gba ilé lọ, n kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo lò nílé. Nígbà tí mo padà, mo ti gbà lọ́kàn mi pé n ó tún iṣẹ́ àṣekágbá bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ ni. Ọ̀gá wa kan náà yìí fa dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n gbé páálí kan jáde. Bọ́ọ̀dù mi wà níbẹ̀, ìwé mi wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà: "O ti tún PSW ṣe. Ó ku ìdánwò ọjọ́ méje. Bẹ̀rẹ̀ níbí." Ojú mi kún fómi. Kò pé oṣù kan tí mo fi parí.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a dá dúró lójijì kò ráyè sọ̀rọ̀. Ẹ ka iye wa nígbà tí a wọlé, ẹ ka iye wa nígbà tí a jáde. Ẹ mọ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Owó tán lọ́wọ́ ẹnì kan, oyún dé bá ẹnì kan, àìsàn mú ẹnì kan. A máa ń sọ pé wọ́n sá. Wọn kò sá o. A dá wọn dúró ni, kò sì sẹ́ni tó bá wọn ṣàmì.

Ẹ̀bẹ̀ mi kì í ṣe owó. Kí ẹgbẹ́ wa ṣí ìwé kan fún irú wọn: orúkọ, ìdánwò tí wọ́n ti yege, ibi tí iṣẹ́ wọn dé, ẹni tí wọ́n lè pè bí wọ́n bá fẹ́ padà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ tó pa fáìlì ọmọ tí kò wá mọ́ dé, ẹ dákun, ẹ kọ ìlà kan péré sí i. Ẹ kọ ibi tó dé.

Ọ̀gá mi ní kí n má dárúkọ àwọn. Mo ti gbọ́, sà. Bírò pupa yẹn ló sọ mí dẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.