Ilé Ni Ọkọ̀ Ti Kọ́kọ́ Jò

Bí Yorùbá bá ti ní ẹnì kan lọ sí àjò, ilé ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà kí onítọ̀hún tó gbẹ́sẹ̀, torí àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀rọ̀ yìí ń tù wá nínú. Àmọ́ ó ń mú ká gbà pé ilé wà níbì kan, ó pé, kò jò, ó ń retí ẹni. Àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní tó ń fi ìṣípòpadà àti ìgbèkùn ṣiṣẹ́ ń já ìgbàgbọ́ yẹn ní koro. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé èyí tó múná jù nínú iṣẹ́ wọn kò bẹ̀rẹ̀ lójú òkun rárá. Ilé ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ní 1962. Kẹ́ẹ̀gì ló ń lò. Kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì tuntun láti ṣọ́ọ̀bù o. Èyí tí àwọn onífàyàwọ́ ti fi gbé epo bẹntiróòlù láti Nàìjíríà wọ Olómìnira Benin títí tó fi gbó ni. Kí kẹ́ẹ̀gì lè gba epo ju iye tí wọ́n ṣe é fún lọ, wọ́n á yá a níná, ike á rọ̀, á wú, ara rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Wọ́n á wá so wọ́n jọ sára alùpùpù kan, yíká ẹni tó ń wà á. Kẹ́ẹ̀gì tó ti fẹ́lẹ́ lè bẹ́ nígbàkigbà. Fàyàwọ́ la ń pe òwò náà, orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ sì ti sọ bí ẹni tó ń ṣe é ṣe ń kọjá ibodè. Irú kẹ́ẹ̀gì yìí ni Hazoumè ń gé tó ń yí padà: ibi ìdìmú di imú, ihò tí epo ń gbà jáde di ẹnu. Iṣẹ́ rẹ̀ La Bouche du Roi, tó ṣe láàárín 1997 sí 2005, ní irú ojú bẹ́ẹ̀ 304. Ó tò wọ́n sílẹ̀ bí àwòrán ọkọ̀ ẹrú Brookes, tí àwọn tó ń gbógun ti òwò ẹrú tẹ̀ jáde ní Ìlú Ọba lópin ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwòrán tí ẹrú ti di ẹrù pátápátá. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ojú wa dúró sí ni kẹ́ẹ̀gì méjì kan tó yàtọ̀ sí ìyókù. Ọ̀kan yẹ́lò, ó dúró fún ọba òyìnbó. Èkejì dúdú, ó dúró fún ọba tiwa tó ń ta èèyàn. Òṣùwọ̀n wà láàárín wọn. Ẹni tó bá ti rí òṣùwọ̀n yẹn kò lè sọ mọ́ pé òkun ló kó wọn lọ.

Ní 2007, ọdún tí wọ́n ṣàfihàn iṣẹ́ yìí ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀n, Hazoumè gbé òmíràn lọ sí documenta, àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ní Kassel, ní Jámánì. Dream lorúkọ rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Arnold Bode. Kẹ́ẹ̀gì gígé ló tún fi kan ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ àwọn tó ń japa, àwòrán etíkun ńlá kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì gígé kò lè gba ẹnikẹ́ni là lójú agbami. Ohun tó mú mi ronú jù níbẹ̀ ni etíkun yẹn: a fẹ́ rò pé ibi tí ọkọ̀ ń lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tó ti ṣí kúrò ló jọ.

Àwọn kan á ní àṣejù wà nínú èyí. Wọ́n de ẹrú ni. Ẹni tó ń japa, owó ara rẹ̀ ló fi wọkọ̀. Òótọ́ ni, ẹni tó bá sì da méjèèjì pọ̀ ti fi ìyà ẹrú ṣeré. Àmọ́ iṣẹ́ méjì ni Hazoumè ṣe, kò ṣe ẹyọ kan. Ohun tó so wọ́n pọ̀ kì í ṣe ìyà èrò inú ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì ni. Kẹ́ẹ̀gì kì í sì í dédé wú. Ẹnì kan ló yá a níná, ẹni yẹn kò sì wọkọ̀. Àwọn mìíràn á ní òyìnbó ló ń ra iṣẹ́ wọ̀nyí, pé omijé wa ni wọ́n ń tà. Wọ́n ń rà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 2011, Hazoumè yìí kan náà dá ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ kan sílẹ̀, SBOP, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ará Benin máa tọrọ owó kiri ìgboro fún òyìnbó tí ìyà ń jẹ. Omijé kọ́ nìyẹn.

Àtakò tó le jù, inú ọ̀rọ̀ tèmi gan-an ló wà. Bó bá jẹ́ ilé ló jò, ṣé ká kàn tún ilé ṣe, kí gbogbo ènìyàn padà? Oníṣẹ́ ọnà mìíràn, María Magdalena Campos-Pons, ni kò jẹ́ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bí i ní agbègbè Matanzas, ní Kúbà, ní 1959, nínú ìran Yorùbá tí wọ́n kó lọ sí oko ìrèké. Nígbà tó yá, òun náà ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Nínú fọ́tò kan tó ya ara rẹ̀ ní 1994, ó kun àyà rẹ̀ ní búlúù, ó ya ìgbì omi sí i. Ìgò wàrà ọmọdé méjì rọ̀ láti ọrùn rẹ̀, wọ́n ń kán sínú ọkọ̀ onígi kékeré tó gbé dání. Yemọja ni, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Yemọja wo? Lọ́dọ̀ wa, odò Ògùn ni tirẹ̀, Olókun ló ni òkun. Kúbà ni Yemọja ti wá gba òkun. Òrìṣà pàápàá ṣípò, nígbà tó sì débẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ló bá níwájú. Ilé tí obìnrin yìí fi sílẹ̀, ìgbèkùn àwọn baba ńlá rẹ̀ ni. Bí a bá ní kó padà sílé, ṣé Matanzas ni, àbí etí odò Ògùn? Kò dá wa lóhùn nínú àwòrán náà. Ó di ọkọ̀ kékeré yẹn mú lọ́wọ́ méjèèjì, wàrà sì ń kán sínú rẹ̀.